Dádì Àgbà, Igbákejì Tó Jókòó Sáàárín Pápá

Láti ọjọ́ tí bàbá ìyá mi ti jáde láyé ni àwọn èèyàn ti ń sọ ohun dáadáa nípa wọn, ohun dáadáa yẹn gan-an ló sì ń rí mi lára. Ẹnì kan ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Ẹlòmíì ní wọn kì í bínú. Ẹnì kan tilẹ̀ kọ ọ́ sórí fóònù ránṣẹ́ sí Mummy pé ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu Dádì Àgbà. Ta ni wọ́n ń sọ? Dádì Àgbà tí èmi mọ̀, tí mo bá gbé inú fúláàtì wọn ní Barnfield, ní Lọ́ńdọ̀nù, láti kékeré, inú máa ń bí wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ohun tó sì dára jù lára wọn nìyẹn. Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi ṣúgà pa á rẹ́.

Igbákejì kóòṣì ni wọ́n fún àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Woolwich. Lójú ọjọ́ iṣẹ́, wọ́n ń wa ọkọ̀ tó ń gbé àwọn arúgbó lọ sí ọsibítù. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àti ní gbogbo Sátidé, wọ́n wà nínú gbọ̀ngàn ìṣeré pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Mummy ṣì ń lọ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí igbákejì. Igbákejì náà ni wọ́n jẹ́ títí wọ́n fi lé wọn kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn tí nǹkan kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn: “Ẹ̀gbin!” Wọn kì í pariwo ẹ̀. Wọ́n á sọ ọ́ bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ tó ti kan sẹ́nu. Ẹni tó gbé bàtà lé ìjókòó nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀gbin. Ọmọ tó ń jẹ ṣíípìsì lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń làágùn lórí pápá, ẹ̀gbin. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wọn dọ́gbọ́n ṣubú kí rẹfirí lè rò pé wọ́n tì í ni. Rẹfirí gbà á gbọ́, àwọn òbí pàtẹ́wọ́. Dádì Àgbà pe ọmọ náà jáde, wọ́n ní kó lọ bẹ ẹni tó purọ́ mọ́, lójú gbogbo èèyàn. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Bàbá ẹ̀ fìbínú rìn wá láti ibi ìjókòó, ó ní ṣebí eré lásán ni. Dádì Àgbà wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí, wọ́n ní, “Eré ni mo ń kọ́ wọn. Irọ́ kọ́.”

Kí n má tan yín, àwọn fúnra wọn náà máa ń kó mi nírìíra. Láràárọ̀, wọ́n á dúró ti síǹkì ìdáná, wọ́n á fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bíi pé láti àtẹ́lẹsẹ̀ ló ti ń bọ̀, wọ́n á sì tu ú síbi tí a ti ń fọ abọ́. Mummy á figbe bọnu. “Dádì! Ibi tí a ti ń fọ abọ́! Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń pe gbogbo ayé ní ẹ̀gbin?” Dádì Àgbà á tú omi lé e, wọ́n á nu irùngbọ̀n wọn. “Eléyìí, omi ti gbé e lọ,” ni wọ́n máa ń wí. “Èyí tó wà nínú èèyàn ni omi ò lè gbé.”

Èmi àti wọn náà jà. Lọ́ńdọ̀nù níbí ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá tí mo gbọ́ ní kékeré dà bíi rédíò tó ń sọ̀rọ̀ láti yàrá kejì. “O” ni mò ń pe gbogbo èèyàn, àgbà àti èwe. “Dádì Àgbà, o ti jẹun?” Wọn kò ní dáhùn. Mo lè dúró síwájú wọn kí n máa pè wọ́n títí ohùn mi á fi há, fèrèsé ni wọ́n á máa wò. Mummy bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù, pé ọmọ òyìnbó ni mí. Dádì Àgbà yíjú sí wọn. “Òyìnbó wo ló bí i? Ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pe àgbà, bí wọ́n bá pe òun náà ní ohun tí kò jẹ́ lọ́la, kò ní mọ̀.”

Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ “ẹ” àti “wọ́n” lò lónìí. Ọkùnrin kan ń bọ̀ nínú ìtàn yìí tí ẹ ó rí i pé “ó” ni mò ń pe òun àti àwọn bíi tiẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n pè. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Mátíìnì lorúkọ ẹ̀. Kí ó tó dé, kóòṣì àgbà mìíràn ti wá, ó ti lọ, òmíràn ti gbapò ẹ̀, òun náà ti lọ. Gbogbo ìgbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀ ni Dádì Àgbà máa ń béèrè fún un. Nígbà tí ó kẹ́yìn, wọ́n wọ kóòtù tí wọ́n fi ṣègbéyàwó Mummy lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní wọ́n mọ iṣẹ́ gan-an, kò sẹ́ni tí kò fẹ́ràn wọn, àmọ́ kóòṣì àgbà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí gbogbo òbí máa tètè gbọ́ ohun tó ń sọ. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lọ́nà mìíràn: ó ní nípa ti ohùn ilẹ̀ wọn tó ń yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn ni. Gẹ̀ẹ́sì ni Dádì Àgbà fi ń bá àwọn òbí yẹn sọ̀rọ̀ láti ayébáyé, àwọn òbí náà sì ń dáhùn. Ọ̀gá náà wá gba Mátíìnì, òyìnbó tí ọjọ́ orí ẹ̀ kò tó ti Mummy, tí eyín ẹ̀ funfun bíi síǹkì tuntun. Nígbà tí Dádì Àgbà délé, wọ́n bọ́ kóòtù náà, wọ́n rọra fi í kọ́. Mo bi wọ́n pé kí ni ọ̀gá náà wí. Wọ́n ní, “Tí mo bá ní kí àwọn òbí yẹn bá mi gbé bẹ́ǹṣì, gbogbo wọn ló máa ń gbọ́ mi.”

Mo ní kí wọ́n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọn kò fi í sílẹ̀. Ó bí mi nínú fún ìgbà pípẹ́, mo rò pé ìtìjú ò mú wọn mọ́ ni. Mátíìnì ni wọ́n ń ya fọ́tò ẹ̀. Dádì Àgbà ló ń fi báńdéèjì di kókósẹ̀ àwọn ọmọ, tó ń wá ọmọ tí kò wá fún ìdánrawò kiri àwọn fúláàtì Connaught, tó ń bá màmá ọmọ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà tí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tèmi dé ẹgbẹ́ náà ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í lóye ohun tó ń mú wọn dúró.

Tèmi ga, ó pupa, ó sì ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì bíi pé bọ́ọ̀lù náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Auntie Bísí, màmá ẹ̀, ń ṣiṣẹ́ olùtọ́jú arúgbó, ìjọ kan náà ni a jọ ń lọ ní Thamesmead, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ti gbọ́ nípa ọmọ náà. Wọ́n ní àwọn máa rán ọkùnrin kan wá wò ó nínú ìdíje tó ṣáájú àṣekágbá. Tó bá tẹ́ ọkùnrin náà lọ́rùn, wọ́n á fún un ní sikọ́láṣíìpù.

Ní Sunday tó ṣáájú ọjọ́ náà, Pásítọ̀ pe Tèmi síwájú. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n ní Ọlọ́run ti gbé Amẹ́ríkà lé e lọ́wọ́, gbogbo ìjọ sì pariwo “Àmín!” títí gbohùngbohùn fi ń han. Auntie Bísí dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo bojú wo Dádì Àgbà. Wọ́n fún imú pọ̀ bíi pé òkú ẹran wà lábẹ́ àga. Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n dúró de Pásítọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

“Pásítọ̀, ọmọ yẹn ò sùn dáadáa láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má fi kún ẹrù orí ẹ̀.”

“Daddy, ìgbàgbọ́ kì í ṣe ẹrù.”

“Ó dáa. Bí Ọlọ́run bá ti gbé e lé e lọ́wọ́, kí ni ọmọ náà tún fẹ́ lọ gbá ní Sátidé?”

Mummy bínú sí wọn títí a fi délé. Wọ́n ní Dádì Àgbà dójú ti àwọn níwájú èèyàn. Dádì Àgbà ń wo ojú títì.

Mo wà ní gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti wà ní yunifásítì nígbà yẹn, Mummy ló sì ní kí n bá wọn lọ nítorí orúnkún tó ń dùn wọ́n. Ibi ìjókòó kún. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà náà jókòó sókè, ó wọ fìlà, kò pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni. Tèmi gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà tó jẹ́ pé èmi tí kò fẹ́ràn eré dìde dúró. Nígbà tí ìdíje fẹ́ parí, ó fò láti gba bọ́ọ̀lù kan, ọmọ ẹgbẹ́ kejì kan gbá a ní ẹ̀gbẹ́, ó sì já lulẹ̀. Orí ẹ̀ ló kọ́kọ́ kan pátákó ilẹ̀. Títí di òní, mo ṣì ń gbọ́ ìró ẹ̀.

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. “Get up, Temi! Get up!” Mátíìnì ń pariwo ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ó ń pàtẹ́wọ́ pò, pò, pò, bí ẹni ń lé adìẹ. Auntie Bísí ń pariwo ẹ̀ láti ibi ìjókòó: “Tèmi, dìde ní orúkọ Jésù!” Tèmi dìde. Àwọn èèyàn hó yèè. Ó rìn lọ sí bẹ́ǹṣì, ó sì jókòó. Bẹ́ǹṣì àwọn ọ̀tá ni.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Dádì Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n lọ mú un lọ́wọ́, wọ́n kúnlẹ̀ síwájú ẹ̀, wọ́n bi í léèrè pé kí ni orúkọ màmá ẹ̀. Tèmi ń wò wọ́n. Ó ní, “I'm fine, Coach.” Wọ́n tún bi í. Ó tún sọ ohun kan náà. Dádì Àgbà bá lọ bá Mátíìnì. Mo wà nítòsí, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní ọmọ yìí ò gbọdọ̀ padà wọlé, orí ẹ̀ ti mì. Mátíìnì kò tilẹ̀ yíjú sí wọn. Ìjókòó òkè níbi tí ọkùnrin onífìlà wà ló ń wò. Ó ní ara ọmọ náà ti yá, eré ò ní pẹ́ parí, kí wọ́n lọ jókòó. Ó na ìka sí Tèmi, ó sì rán an padà wọlé.

Dádì Àgbà bọ́ fèrè kúrò lọ́rùn, wọ́n gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Eré ti bẹ̀rẹ̀ padà, bọ́ọ̀lù ń lọ sókè sódò. Wọ́n rìn wọ àárín pápá pẹ̀lú orúnkún dídùn yẹn, wọ́n dé ibi róbótó tó wà láàárín, wọ́n fi ọwọ́ di itan mú, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Rẹfirí fọn fèrè títí ẹrẹ̀kẹ́ ẹ̀ pọ́n. Ó ní kí wọ́n dìde. Wọ́n ní rárá. Ó ní tí wọn kò bá dìde, ẹgbẹ́ wọn máa pàdánù eré náà. Mátíìnì sáré wọlé, ó ń bú wọn, itọ́ ń ta lẹ́nu ẹ̀. Àwọn òbí ń hó lé wọn lórí. Ẹnì kan ju ike omi. Àwọn èèyàn tí wọ́n ń pè wọ́n ní èèyàn jẹ́jẹ́ báyìí wà níbẹ̀, mo dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Dádì Àgbà kò wo ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n ń wo Tèmi, tó dúró pẹ̀lú apá tó rọ̀ jọwọrọ. Wọ́n sọ fún rẹfirí pé, “Ìgbà tí ọmọ yẹn bá jókòó, èmi náà á dìde.”

Rẹfirí fòpin sí eré náà. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kejì ní ìṣẹ́gun. Ọkùnrin onífìlà gbé báàgì ẹ̀, ó lọ.

Ohun tí ẹ ń retí kọ́ ló ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ya àwòrán orí Tèmi, wọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n ní kó lọ sinmi. Lọ́jọ́ kejì, Auntie Bísí wá sí Barnfield. Wọn kò kí ẹnikẹ́ni, wọn kò jókòó.

“Ẹ ti ba ayé ọmọ mi jẹ́, Daddy. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan! Kò sí nǹkan kan tó ṣe é!”

“Mo dúpẹ́,” ni Dádì Àgbà wí.

“Ẹ dúpẹ́? Amẹ́ríkà ti lọ! Torí kí ni? Torí òfo!”

“Bísí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n rí nǹkan níbẹ̀ ni?”

Auntie Bísí pòṣé, wọ́n jáde, wọ́n sì gbá ilẹ̀kùn mọ́ wa. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá rí Dádì Àgbà lọ́ọ̀ọ́kán ní Tavy Bridge lọ́nà ìjọ, wọ́n á gba òdìkejì títì.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì náà pè wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọ́n lé wọn. Ọ̀gá náà ní àwọn ń tún ètò iṣẹ́ tò ni, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún gbogbo ọdún wọn, ó sì fún wọn ní kọ́ọ̀bù ìmutíì tí wọ́n ya àwòrán ilé ìwé náà sí lára. Làálàá gbogbo ọdún yẹn, kọ́ọ̀bù kan. Mo ní ká lọ fọ́ ọ mọ́ ògiri wọn. Dádì Àgbà gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀, wọ́n ki búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ilé ìgbẹ́ bọ̀ ọ́, wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n wò ó. Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí i tí inú wọn dùn lọ́sẹ̀ náà nìyẹn. Wọ́n ní, “Ó bá a mu.”

Wọn kò tún kọ́ ẹgbẹ́ kankan mọ́. Tèmi wọ yunifásítì níhìn-ín, ó di olùtọ́jú eegun àti iṣan. Kò wá kí wọn rí. Mo máa ń rò pé ó dùn wọ́n, mo sì bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan bóyá ó dùn wọ́n. Wọ́n ní, “Kò jẹ mí ní ìkíni. Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀.” Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú òtútù tó kọjá, wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọn kò sì dìde mọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì rán òdòdó ńlá. Wọ́n tún rán Mátíìnì. Ó bi Mummy bóyá òun lè sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, àti bóyá òun lè wà lára àwọn tó máa gbé pósí. Mummy kì í lè sọ “rárá” fún òyìnbó tó bá ń sunkún, wọ́n gbà fún un.

Ó dúró síwájú ìjọ, ó nu ojú. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ni Dádì Àgbà, olùkọ́ òun ni. Ó ní òun kò ní gbàgbé ọjọ́ tí ọmọ kan forí ṣánlẹ̀, tí òun àti Dádì Àgbà wo ojú ara àwọn, tí àwọn méjèèjì sì pinnu pé ààbò ọmọ náà ṣe pàtàkì ju ìṣẹ́gun lọ. Ó ní “àwọn méjèèjì”. Àwọn èèyàn ń mi orí. Ẹnì kan sọ pé “Praise God.” Mo fẹ́ dìde, àmọ́ Mummy di ọwọ́ mi mú.

Auntie Bísí ló dìde, láti ẹ̀yìn pátápátá. Wọn kò gba gbohùngbohùn. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ ọ́ kí Mátíìnì lè gbọ́ ọ yékéyéké. Wọ́n ní, “Irọ́ lò ń pa. Ò ń pariwo pé kí ọmọ mi dìde. Èmi náà ń pariwo ẹ̀, èmi ìyá ẹ̀. Gbogbo wa la pariwo. Bàbá yìí nìkan ni kò pariwo.”

Mátíìnì ní kì í ṣe ibi tó yẹ ká ti sọ ọ́ nìyí.

“Ibi tí o ti pa irọ́ ni mo ti já ọ nírọ́,” ni Auntie Bísí wí.

Pásítọ̀ dá orin, ẹnikẹ́ni kò gbè é. Àwọn tó ń sìnkú wá, wọ́n ní kí àwọn tó máa gbé pósí bọ́ síta. Mátíìnì bọ́ síwájú, ó ń tún táì ẹ̀ ṣe. Mo lọ dúró síwájú ẹ̀. Mo ní, “Jọ̀ọ́, fi wọ́n sílẹ̀.” Ó wo Mummy. Mummy wo ilẹ̀.

Tèmi rìn wá láti ẹ̀gbẹ́ màmá ẹ̀, ó ga ju gbogbo wa lọ. Kò sọ nǹkan kan. Ó bọ́ bàtà onígìgísẹ̀ ẹ̀, ó tẹ èjìká ẹ̀ bọ abẹ́ pósí náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí Mátíìnì ì bá wà, ó sì tẹ orúnkún díẹ̀ kí gíga wa lè dọ́gba. Dádì Àgbà wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ń yọ̀, ọ̀nà itẹ́ òkú náà gùn. A gbé wọn débẹ̀, a ò jẹ́ kí wọ́n kanlẹ̀.